Ibi Tí A Bá Fẹ́ Sùn Ló Máa Sọ Ẹni Tó Lè Lọ

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni Ẹgbẹ́ Oníròyìn lẹ ìbéèrè kan mọ́ pátákó yìí: "Bí kíláàsì wa bá fẹ́ lọ wo eré ìje ọkọ̀ Safari Rally ní Kẹ́ńyà, níbo ló yẹ ká sùn?" Mo ti ka gbogbo ìdáhùn tí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn kan ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá ní Nairobi ló dáa. Àwọn kan ní ká lọ pàgọ́ sínú igbó, pé ìyẹn ló máa dùn. Ẹnì kan wá kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Àgọ́ ni o, torí náà kí àwọn ọmọbìnrin jókòó sílé." Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi kọ tèmi. Ọmọbìnrin ni mí, mo sì fẹ́ràn eré ìje ọkọ̀ ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin kíláàsì wa lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Ibi tí a bá yàn láti sùn ló máa sọ ẹni tó lè lọ àti ẹni tí kò ní lè lọ. Torí náà, ká má kàn máa wo fọ́tò bẹ́ẹ̀dì.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọdún 1953 ni eré ìje yìí bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń ṣe àjọyọ̀ ìgbadé Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, tí Kẹ́ńyà ṣì wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ti ọdún 2002, ó kúrò nínú ìdíje àgbáyé. Ọdún 2021 ló tó padà síbẹ̀, Naivasha ni wọ́n sì fi ṣe ibùdó. Kì í ṣe inú pápá ìṣeré ni wọ́n ti ń sá a o. Ojú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ ni, láàárín oko àti igbó ẹranko, eruku ibẹ̀ sì fẹ́lẹ́ bí èlùbọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo Nairobi. Òótọ́ ni pé yàrá pọ̀ níbẹ̀, wọn kì í sì í tètè kún. Ṣùgbọ́n láti Nairobi dé Naivasha tó nǹkan bí 90 kìlómítà, ó fẹ́ jọ Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀nà náà ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lọ sínú Àfonífojì Rift, tírélà sì pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Wọ́n máa ń ti ọ̀nà eré ìje pa kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kọjá. Ẹni tó bá sùn sí Nairobi gbọ́dọ̀ jí lóru, kó wọ mọ́tò nínú òkùnkùn. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wá mú un, eruku ló máa bá níbẹ̀, kò ní bá ọkọ̀. Owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀ lójoojúmọ́ tún wà ńbẹ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò ní lọ́wọ́, ó ti jókòó sílé nìyẹn.

Àwọn tó ní ká lọ pàgọ́ síbi tó bá wù wá ńkọ́? Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ rọra. Naivasha ga ju 1,800 mítà lọ sí òkun, òtútù òru ibẹ̀ kì í ṣe ti eré. Láti 2021 sí 2023, oṣù kẹfà ni wọ́n ń ṣe é. Ní 2024 wọ́n gbé e wá sí oṣù kẹta, ìgbà tí òjò ńlá ibẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ tó gbẹ dáadáa ní oṣù kẹfà lè di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ní oṣù kẹta. Erinmi tún wà nínú adágún Naivasha. Lọ́sàn-án, inú omi ni wọ́n máa ń wà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á jáde wá jẹ koríko. Ẹni tó bá pàgọ́ sétí omi láìsí ọgbà, ojú ọ̀nà oúnjẹ erinmi ló pa á sí, kò sì síbi tó ti lè bá erinmi ṣẹjọ́.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Àwọn ibi ìpàgọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún yẹn tó ní balùwẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti wáyà oníná tí wọ́n fi ń dá erinmi dúró. Wọ́n tún ní yàrá kéékèèké tó ṣeé tì. Owó wọn kò tó ti òtẹ́ẹ̀lì ńlá. Àwọn ọmọbìnrin lè wà nínú yàrá, kí àwọn ọkùnrin wà nínú àgọ́, kí àwọn olùkọ́ wà láàárín. Ọgbà kan náà ni gbogbo wa máa wà, kò sì sẹ́ni tó máa jókòó sílé. Ìlú kékeré ni Naivasha ṣá, yàrá a máa wọ́n bí ọ̀sẹ̀ eré ìje bá ti dé, torí náà ó yẹ kéèyàn ti sanwó sílẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú.

Lójú tèmi, ìbéèrè mẹ́rin ló yẹ ká bi ara wa kí á tó sanwó fún ibikíbi. Báwo ló ṣe jìnnà sí ojú ọ̀nà tí a fẹ́ lọ láàárọ̀? Ṣé ilẹ̀kùn rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́, ṣé iná wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ti obìnrin àti ti ọkùnrin sì yàtọ̀? Àgbàlagbà wo ló máa wà níbẹ̀ lóru? Èló ni gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú owó mọ́tò?

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Kẹ́ńyà. Nínú ìrìnàjò ẹ̀kọ́ ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin mẹ́rin péré ló lọ nínú kíláàsì wa. Kì í ṣe pé àwọn tó kù kò fẹ́ lọ. Fọ́ọ̀mù tí a mú lọ sílé sọ iye owó, ó sọ ọjọ́ tí a máa gbéra, kò sọ ibi tí a máa sùn. Màmá mi ka fọ́ọ̀mù náà tán, wọ́n bi mí pé, "Níbo lẹ máa sùn?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Wọ́n ní, "Ó dáa, ìwọ náà mọ̀ pé o ò lọ nìyẹn." Mi ò lè bá wọn jà. Ìyá wo ló máa fi ọmọ ránṣẹ́ síbi tí kò mọ̀? Lójú tiwọn, kò sí ohun tó burú nínú ìrìnàjò náà. Òru ibẹ̀ ló ń bà wọ́n lẹ́rù.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín. Nínú fọ́ọ̀mù tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ibi tí a máa sùn sí i, ẹ kọ bó ṣe jìnnà tó, kí ẹ sì kọ orúkọ olùkọ́ obìnrin tó máa wà pẹ̀lú wa lóru. Ìlà mẹ́ta péré ni. Àwọn ìyá wa á rí i kà, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì buwọ́ lù ú.

Owó ọkọ̀ òfurufú dé Kẹ́ńyà kì í ṣe owó ọmọ iléèwé, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n a kò ní jẹ́ ọmọ iléèwé títí ayé. Ìwọ tó kọ ọ́ pé ká jókòó sílé, lọ ra súẹ́tà àti tọ́ọ̀ṣì tìrẹ sílẹ̀. Bí a bá dé Naivasha, èmi ni mo máa fi ibi tó yẹ kó o dúró sí hàn ọ́.

Láti ọwọ́ ọmọ Ẹgbẹ́ Oníròyìn kan, SS 2