Ọ̀RỌ̀ ÌDÍLÉ: Nípa Ẹ̀jẹ̀ Ẹni tí a Gé Jẹjẹrẹ Kúrò Lára Ẹ̀dọ̀ Rẹ̀

A rí ìwé kan gbà láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Ìsọlọ̀, ẹni tí ó bẹ̀ wá pé kí a má ṣe dárúkọ òun. Ó di oṣù 8 báyìí tí àwọn oníṣègùn ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọkọ rẹ̀, tí wọ́n sì gé jẹjẹrẹ kékeré kan kúrò lára ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà ti padà sí ìdí òwò rẹ̀ ní Òṣòdì, ó ń jẹun, ó ń sanra, ó sì ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí òde. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ 3 sẹ́yìn ni ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde, iye tí a kọ sínú rẹ̀ sì ti gòkè ju ti ìṣáájú lọ. Oníṣègùn ní kí ó wá fún àyẹ̀wò mìíràn. Baálé ní òun kò lọ, nítorí pé ara òun le, àti pé owó ni wọ́n ń wá. Ìyá náà bi wá pé: "Ẹ̀yin olóòtú wa, ṣé ìwé lè mọ ohun tí ẹni tí ó ni ara kò mọ̀?"

Ìdáhùn wa ni pé ó lè mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ náà ni èròjà kan tí a ń pè ní alpha-fetoprotein, tí àwọn oníṣègùn gé kúrú sí AFP. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tí ó wà nínú oyún a máa ṣe é lọ́pọ̀lọpọ̀. Nígbà tí a bá bí ọmọ náà tán, iye rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀, títí kì yóò fi ju bíńtín lọ nínú ẹ̀jẹ̀ àgbà. Kì í sábà ju nanogram 10 nínú millilitre kan lọ. Ṣùgbọ́n bí jẹjẹrẹ bá wọ ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà, ó lè tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀dọ̀ náà ti fi sílẹ̀ láti ìgbà ìkókó. Ní ọdún 1963 ni Garri Abelev àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Soviet rí èyí nínú ẹ̀jẹ̀ eku. Nígbà tí ó di ọdún 1964, Yuri Tatarinov rí i nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ń ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí gbé ìwé àyẹ̀wò kan ṣoṣo dání kí ó máa sunkún. AFP aboyún a máa ga, kò sì sí ohun tí ó ṣe é. Àrùn mẹ́dọ̀wú tí ó bá ń jà lọ́wọ́ lè gbé e sókè láìsí jẹjẹrẹ rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ kékeré wà tí kì í gbé e sókè, tí ó jẹ́ pé àwòrán inú nìkan ni yóò fi wọ́n hàn. Nítorí náà ni a fi ń lo ẹ̀jẹ̀ àti àwòrán pọ̀, tí ọ̀kan ń ṣe ẹlẹ́rìí fún èkejì.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ọkọ ìyá yìí yàtọ̀, nítorí pé a ní ìtàn iye rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá náà kọ ọ́ ránṣẹ́ pé kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, AFP rẹ̀ jẹ́ 800. Èyí fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ìkìlọ̀, nítorí àwọn oníṣègùn ti rí i pé ẹni tí tirẹ̀ bá ju 400 lọ kí wọ́n tó gé e, ewu pé kí àrùn náà padà a máa pọ̀ fún un ju ti ẹni tí tirẹ̀ kéré lọ. Ó sábà máa ń jẹ́ pé jẹjẹrẹ náà ti ń yọ́ wọ inú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tí ojú kò lè rí. Ní Jàpáànù wọ́n a tún máa wo èròjà mìíràn tí a ń pè ní PIVKA-II mọ́ ọn, òun náà a sì máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí a bá ti gé orísun AFP kúrò, ìdajì èyí tí ó kù nínú ẹ̀jẹ̀ a máa tán láàrin ọjọ́ 5 sí 7. Bí a bá mú ọjọ́ 6, a jẹ́ pé 800 yóò di 400 ní ọjọ́ kẹfà, yóò di 200 ní ọjọ́ kejìlá, yóò sì di 100 ní ọjọ́ kejìdínlógún. Nígbà tí yóò bá fi pé ọjọ́ 42, kò yẹ kí ó ju 6 tàbí 7 lọ. Ní oṣù kejì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ti ọkọ ìyá yìí jẹ́ 7. Ọpẹ́ yẹ nígbà náà, nítorí ó fi hàn pé ọwọ́ àwọn tí ó gé e mọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ti ọ̀sẹ̀ 3 sẹ́yìn ni 46. Bí a bá rí 46 lára ẹni tí a kò mọ̀ rí, a lè ní kí a dúró wò ó ná. Lára ẹni tí tirẹ̀ ti wá sí 7, ohun kan ni ó ń ṣe é jáde, ó sì yẹ kí a wá ohun náà lọ. Ó lè jẹ́ mẹ́dọ̀wú ni ó tún gbéra. Ó sì lè jẹ́ èyí tí a ń bẹ̀rù.

A kò fi ìbẹ̀rù yìí dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni lásán. Nínú ènìyàn 10 tí a gé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fún, ó lè tó 7 tí yóò rí i padà láàrin ọdún 5. Èyí tí ó bá padà láàrin ọdún 2 àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ irúgbìn ti àkọ́kọ́ tí ó ti fọ́n ká. Èyí tí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ a máa jẹ́ tuntun, nítorí pé ẹ̀dọ̀ tí ó kù náà ni ẹ̀dọ̀ tí àrùn ti ń bá jà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pe aláìsàn padà ní oṣù 3 sí 6. Bí wọ́n bá tètè rí i nígbà tí ó ṣì kéré, wọ́n lè tún gé e, tàbí kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbígbóná jó o níbi tí ó wà. Bí ó bá ti tàn kálẹ̀ kí wọ́n tó rí i, ọ̀nà wọ̀nyí dí.

Baálé ní ara òun le. A gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀dọ̀ kò mọ ìrora. Awọ tí ó bò ó níta ni ó mọ̀ ọ́n, kì í sì í ké àyàfi bí ohun inú rẹ̀ bá ti tóbi tí ó ń fà á. Ìdí nìyí tí púpọ̀ jùlọ nínú àwọn ènìyàn wa fi ń dé ilé ìwòsàn nígbà tí ọ̀bẹ kò wúlò mọ́. Ọkùnrin yìí wà nínú àwọn díẹ̀ tí a rí tiwọn ní kùtùkùtù. Ní ti owó, a kò ní bá a jiyàn. Ẹni tí ó ń fi àpò ara rẹ̀ san owó àyẹ̀wò ní Èkó ni ó mọ bí ó ṣe rí. A kàn fẹ́ kí ó rántí iye tí iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ ti jẹ.

Ìwé ìyá náà kò sọ fún wa bóyá baálé ṣì ń lo oògùn tí ń tẹ kòkòrò mẹ́dọ̀wú B mọ́lẹ̀, irú bíi tenofovir tàbí entecavir. Bí wọ́n bá fún un, tí ó sì ti fi í sílẹ̀ nítorí pé ó sanra, kí wọ́n sọ fún oníṣègùn lójú ẹsẹ̀.

Ohun kan tún wà nínú ìwé náà tí ó dùn wá. Ìyá ọkọ ti ya àwo àti ife ọmọ rẹ̀ sọ́tọ̀, ó sì ti kọ̀ kí àwọn ọmọ bá bàbá wọn jẹun. Ó tún ń sọ kiri pé oró ni àwọn ọ̀tá fún un jẹ ní Òṣòdì. Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá, oúnjẹ àjọjẹ kì í kó mẹ́dọ̀wú B ran ènìyàn. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé e rìn, àti ìbálòpọ̀, àti ìgbà ìbímọ, àti abẹ fẹ́lẹ́ tí a jọ ń lò. Nínú ìwádìí tí a ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2018, bí 8 nínú 100 àgbàlagbà ni ó ní kòkòrò náà, púpọ̀ wọn kò sì mọ̀. Ohun tí ó yẹ ilé yìí ni pé kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyàwó àti ti àwọn ọmọ wò. Ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wọ inú èyí tí ìjọba ń fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní Nàìjíríà. Àkọ́bí wọn, tí ìyá náà ní a bí ní ọdún 2001, lè máà gbà á rárá. Ẹni tí a bá yẹ̀ wò tí kò ní àrùn, abẹ́rẹ́ náà ṣì wà fún un.

Ní ti oró, a kò ní sọ pé oró kò sí. Oró kan wà nínú ẹ̀pà àti àgbàdo tí ó ti bu, tí a ń pè ní aflatoxin. Ní ọdún 1960 ó pa tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ẹ̀pà tí wọ́n lọ̀ mọ́ oúnjẹ wọn. Bí oró yìí àti mẹ́dọ̀wú B bá pàdé nínú ẹ̀dọ̀ kan, ewu jẹjẹrẹ a máa di ìlọ́po ìlọ́po. Ní Ìbàdàn, ilé ẹ̀kọ́ IITA ti ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní Aflasafe, tí àgbẹ̀ ń fọ́n sí oko láti dín oró náà kù. Ẹni tí ó bá ń ra ẹ̀pà yíyan ní Òṣòdì kí ó da èyí tí ó bá korò tàbí tí ó bá bu nù. Kò sí ọ̀tá nídìí rẹ̀.

Ìyá náà sọ pé ẹ̀gbọ́n ọkọ òun ń gbé Mùṣín, àti pé ọkọ òun kì í kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbọ́n náà lẹ́nu. Kí ó to gbogbo ìwé àyẹ̀wò náà bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀lé ara wọn, 800, 7, 46, kí ó sì gbé wọn lọ bá ẹ̀gbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yìí, kí àwọn méjèèjì lè bá baálé lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ní ọjọ́ Ajé. A ń retí ìwé rẹ̀ lẹ́yìn náà, kí ó sì kọ iye tuntun tí wọ́n bá rí sínú rẹ̀ fún wa.