Ògiri Tí Ó Bu, Ọmọ Tí Ó Ń Wúkọ́

Ẹ̀yin ará wa ní Port Harcourt! A bá gbogbo ìdílé tí Ọlọ́run fi ọmọ tuntun ta lọ́rẹ yọ̀. Nítorí àwọn ọmọ wọ̀nyí gan-an ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ ògiri lónìí.

Àwa tí a ti Ìbàdàn àti Èkìtì wá mọ òjò, ṣùgbọ́n èyí tí ń rọ̀ níhìn-ín lọ́dún kan súnmọ́ ìlọ́po méjì ti Ìbàdàn. Nínú ọ́fíìsì réluwè tí a ti ń ṣiṣẹ́, ìwé tí a bá tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ní ìgbà òjò yóò bu kí a tó padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí ni kí a wá wí nípa ìyàrá kan ṣoṣo tí bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin ń sùn sí, tí sítóòfù ń jó lẹ́nu ọ̀nà, tí aṣọ ọmọ sì wà lórí okùn nínú ilé?

Ohun dúdú tí ń hù ní kọ̀rọ̀ ògiri kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Ohun ẹlẹ́mìí ni, ìbátan olú inú oko. Ibi tí kò bá sí ọ̀rinrin, kò lè hù. A máa tú ohun kan bí ìyẹ̀fun, tí ojú kò rí, sínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Ẹlòmíràn kò ní mọ̀ ọ́n lára rárá. Ẹlòmíràn yóò máa sín, imú rẹ̀ yóò dí, yóò máa wúkọ́ lóru. Ó burú jù fún ọmọ ọwọ́ àti ẹni tí ó ní ikọ́ fée.

Àsọdùn kọ́. Ní Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún méjì kan, Awaab Ishak, kú ní oṣù December 2020. Àlejò ni àwọn òbí rẹ̀ níbẹ̀. Sudan ni wọ́n ti wá. Bàbá ọmọ náà ti sọ fún àwọn onílé pé ògiri ń bu. Wọ́n ní kí ó kùn ún lọ́dà. Ní November 2022, adájọ́ tí ń wádìí ikú sọ pé ohun tí ó hù nínú ilé yẹn ni ó fa àìsàn tí ó pa ọmọ náà. Àwa tí a wà ní ìlú onílùú mọ irú èsì tí wọ́n fún bàbá yẹn dáadáa.

Ọ̀ràn tiwa tún ní ìdí mìíràn. Láti ìparí ọdún 2016 tí èérí dúdú ti bẹ̀rẹ̀ sí í já láti ojú ọ̀run, ọ̀pọ̀ ìyá ti kọ́ bí a ti í ti fèrèsé pa. A kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ìyàrá tí a tì pa kì í gbẹ. Ẹ ṣí i lẹ́yìn òjò, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá mọ́. Ẹ fa bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri díẹ̀, ẹ má sì tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibi tí ó bu, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Kí àwọn ọmọ wà níta nígbà náà. Bí ẹ bá lo Jik, ẹ má ṣe pò ó mọ́ oògùn ìfọṣàlángá tàbí ohun mìíràn, nítorí èéfín rẹ̀ a máa pani. Ọ̀dà tí a bá sì kùn bò ó kò ní pẹ́ ṣí, bí páànù bá ń jò síbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ikọ́ ni ti ògiri o. Èyí tí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ọsibítù ìjọba, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ tí ìhà rẹ̀ ń wọnú bí ó ti ń mí, ọsibítù lóru ọjọ́ náà ni, kì í ṣe àgbo.

Ẹni tí onílé rẹ̀ kọ̀ láti tún páànù ṣe, kí ó fi orúkọ àti àdírẹ́sì ilé náà fún akọ̀wé ní ìpàdé tí ń bọ̀. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ yóò bá a lọ.