Ojú-Ewé Àwọn Ìyá: Bí A Ṣe Ń Gé Aṣọ Jẹ́sì

Àpéjọ ọdún Ẹgbẹ́ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, oorun sì ti ṣọ̀wọ́n lójú àwọn aránṣọ.

Ní ìpàdé àwọn ìyá tí a ṣe kẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó yọ aṣọ kan nínú ọ̀rá, ó ní, “Mọ̀mọ́, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni n ó ṣe gé eléyìí? Àǹkárá ni mo mọ̀ ọ́n gé.” Aṣọ jẹ́sì ni, èyí tó ń fà bíi rọ́bà. Mo ní kó má tíì fi àlùmọ́gàjí kàn án, pé n ó dá a lóhùn nínú ìwé ìròyìn wa, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń ṣe.

Jos tí a wà yìí ga ju òkun lọ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4,000, ọyẹ́ rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ ilé. Aṣọ jẹ́sì dára fún irú ibi bẹ́ẹ̀, nítorí ó ń fara mọ́ni, kì í sì í há. Lọ́dọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù ni àwọn ọmọ wa ti mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ erékùṣù kan létí ilẹ̀ Faransé ni, níbi tí wọ́n ti ń hun irú rẹ̀ fún àwọn apẹja láyé àtijọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a fẹ́ gé. Òwú tó dúró lóròó àti òwú tó gba ìbú kọjá ló di àǹkárá, gẹ́gẹ́ bí òfì. Ti jẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ojóbó ni wọ́n ń fi òwú ta, tí wọ́n ń kó ọ̀kan bọ inú èkejì, bíi súwẹ́tà tí àwọn ìyá wa máa ń hun fún ọmọ tuntun. Ojóbó wọ̀nyí ló ń là tó sì ń padà. Ìbú ni ó ti ń fà jù, nítorí náà ìbú aṣọ ni ó gbọ́dọ̀ yí ara wa ká.

Èmi náà kò ka èyí sí nígbà kan, ó sì dùn mí títí di òní. Lẹ́yìn Kérésì ọdún 2000, ìyá mi ra ọ̀pá 3 jẹ́sì aláwọ̀ aró fún mi ní Ọjà Ńlá Jos. Iná jó ọjà náà ní 2002, ìyá mi sì kú ní 2003. Aṣọ náà wà nínú àpótí mi, n kò lè fọwọ́ kàn án. Nígbà tó pé ọdún 10 tí ìyá ti lọ, tí a fẹ́ lọ ṣe ìrántí rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ní òun ni n ó wọ̀. Alẹ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ yóò mọ́ tí a ó gbéra ni mo gé e. N kò fọ̀ ọ́. Páátánì àǹkárá ni mo lò. Nítorí kí aṣọ lè tó, mo dá a dùbúlẹ̀, ibi tó ń fà wá dojú kọ ilẹ̀. Ìyókù aṣọ ń rọ̀ létí tábìlì, ó ń fa èyí tí mo ń gé lọ. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́, ọrùn rẹ̀ ṣí dé àyà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ojú ìrán sì ń já pá-pá-pá níbi ìbàdí. Ìró àti bùbá ni mo wọ̀ lọ sílé. Kò sẹ́ni tó mọ̀, àfi èmi.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fọ aṣọ yín bí ẹ ó ṣe máa fọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá rán an tán. Jẹ́sì olówùú máa ń súnkì, pàápàá lóròó. Ẹ má ṣe fi kọ́ sórí okùn, omi inú rẹ̀ yóò fà á gùn. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbẹ. Kí ó sùn lórí ẹní di ọjọ́ kejì kí ẹ tó gé e.

Kí ẹ tó ya páátánì, ẹ dán fífà rẹ̀ wò. Ẹ fi ẹfun sàmì sí íńṣì 4 níbùú aṣọ, kí ẹ fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà láìfi agídí ṣe é. Bí ó bá dé íńṣì 5, fífà rẹ̀ mọ níwọ̀n. Bí ó bá dé 6, ó ń fà dáadáa. Kí ẹ wò ó bóyá ó padà sí 4. Èyí tí kò bá padà, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ìwé àpò sìmẹ́ǹtì ni mo ṣì ń lò fún páátánì, ó le, kì í tètè ya. Nínú páátánì àǹkárá a máa ń fi íńṣì 3 tàbí 4 kún àyà kí a lè mí. Jẹ́sì kò fẹ́ ìyẹn. Bí àyà bá jẹ́ 38, èyí tó dé íńṣì 5 ni kí ẹ fi 1 kún, kó di 39, kí ẹ pín in sọ́nà mẹ́rin: 9¾. Èyí tó dé 6, ẹ lo 38 gan-an: 9½. Ẹ tún fi díẹ̀ sí i fún ojú ìrán. Bákan náà ni ìbàdí. Ẹ yọ pẹ́nsù kúrò, ẹ yọ síìpù kúrò, ṣùgbọ́n kí ẹ rí i pé orí yóò gba ọrùn aṣọ kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà gbọọrọ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ páátánì kọ̀ọ̀kan.

Ibi gígé ló ṣòro. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ibi tí ọlọ́jà ti ṣẹ́ aṣọ po, ó lè wọ́, ojú ibẹ̀ sì lè má parẹ́ mọ́. Ẹ wo ojú aṣọ dáadáa, ẹ ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò bí irun dídì lórí ọmọdébìnrin. Lórí ọ̀kan nínú wọn ni ìlà páátánì gbọ́dọ̀ sùn sí. Bí ẹ kò bá mọ ojú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn, ẹ fa etí tí a gé níbùú díẹ̀: ojú ni yóò ká sí. Gbogbo páátánì ni kí ó kọjú sí ọ̀nà kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn kò ní í bára mu nínú oòrùn.

Orí ẹní nílẹ̀ ni mo ti ń gé e báyìí, kò sí ohun tó ń rọ̀. Dípò píìnì, agolo mílíìkì ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nígbà mìíràn ọmọ ọlọ. (Ẹ nù ún kí ata má bàa kan aṣọ.) Àlùmọ́gàjí tó mú, kí ẹ má sì gbé aṣọ sókè bí ẹ ti ń gé e. Fún ọrùn tó jẹ́ íńṣì 20, kí ìgbátí rẹ̀ jẹ́ 17, yóò fà bá a, yóò sì sùn mọ́ àyà.

Nípa rírán, n kò ní í sọ púpọ̀. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ jẹ́sì, tí ẹnu rẹ̀ rí roboto. Èyí tó mú ń já ojóbó, ihò rẹ̀ a sì máa sáré bíi ti ìbọ̀sẹ̀ obìnrin. Ẹ fi sígísáàgì tẹ́ẹ́rẹ́ rán an. Ẹ fi téèpù tín-ín-rín há èjìká kó má bàa sọ̀.

Bí aṣọ náà bá ṣe iyebíye fún yín, ẹ kọ́kọ́ ra jẹ́sì ńlá kan lọ́dọ̀ àwọn onígwánjo, èyí tí àwọn ará ilé ń pè ní òkìríkà, kí ẹ fi òun gé e wò ná.

Mo tú aṣọ ìyá mi palẹ̀ lẹ́yìn tí a ti ilé dé. Mo fọ̀ ọ́, mo tẹ́ ẹ, mo sì fi ọdún púpọ̀ wò ó. Ọmọ ọmọ mi ló wọ ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Kérésì tó kọjá. Ọrùn rẹ̀ jókòó dáadáa.

Ìyàwó wa tó bi mí léèrè, máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn ìpàdé, kí o ti fọ aṣọ náà. Mú ìwé sìmẹ́ǹtì dání, tèmi ti tán.