Bàbá Tí A Kì Í Bá Nílé

Nínú ìwé ìròyìn irú èyí, ìyìn àwọn tí ó ti di ènìyàn ńlá ni a sábà máa ń kà. Ẹ jẹ́ kí àwa yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà yẹn, kí a sọ̀rọ̀ nípa bàbá kan tí kò rí owó oṣù rẹ̀ gbà.

Fọlárìn ni orúkọ bàbá náà nínú fíìmù My Father's Shadow, tí Akínọlá Davies darí, tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Wálé sì jọ kọ. Àwọn méjèèjì kéré gan-an nígbà tí bàbá tiwọn fúnra wọn kú. Nínú ìtàn náà, ní oṣù kẹfà ọdún 1993, bàbá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì kì í sábà rí ṣàdédé yọ sí wọn nílé ní ìgbèríko, ó sì mú wọn lọ sí Èkó fún ọjọ́ kan. Owó iṣẹ́ tí wọ́n jẹ ẹ́ ni ó ń lọ bèèrè. Gbogbo ìlú ń retí èsì ìdìbò tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá díje nínú rẹ̀, èyí tí ìjọba Ọ̀gágun Babangida fagi lé.

Ní ọdún 2025, òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí a yàn sínú àṣàyàn àjọ̀dún Cannes ní ilẹ̀ Faransé. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé kí a ṣáà rí ojú àwọn ènìyàn wa ní Cannes ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, kò tíì tó nǹkan. Irú bàbá tí wọ́n fi hàn ni ó wú wa lórí. Nínú ọ̀pọ̀ sinimá wa, a ti mọ bàbá tí kò sí nílé kí ó tó yọjú: yálà ọlọ́pọ̀ ìyàwó tí ń náwó síta, tàbí ẹni tí a fi ń pa ẹ̀rín. Fọlárìn kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ó fẹ́ràn àwọn ọmọ, ó le mọ́ wọn, ó ní àṣírí, ojú sì ń tì í níwájú wọn.

Àwa tí a gbé inú ilé-ìwé yìí ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní ọjọ́ ìbẹ̀wò, ìyá ni ó máa ń dé pẹ̀lú kúlà ìrẹsì àti ẹran díndín. Bí a bá bèèrè bàbá, wọn a ní ó wà níbi iṣẹ́. Àwa a sì gbà lọ́kàn wa pé kò fẹ́ràn wa ni. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa pé oṣù mélòó kan ti kọjá tí wọn kò sanwó fún un, àti pé owó ọkọ̀ ẹni kan ṣoṣo ni ó wà nílé.

Nínú fíìmù náà, Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti Pidgin ń gba ara wọn lẹ́nu, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ ọ́ gan-an. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni a bí Ṣọpẹ́ Dìrísù tí ó ṣe Fọlárìn sí. Ọmọ ìyá ni Godwin àti Chibuike Marvellous Egbo tí wọ́n ṣe àwọn ọmọ rẹ̀, orúkọ Igbo sì ni Chibuike. Kò sí ẹni tí ó wò wọ́n tí yóò ní wọn kì í ṣe ọmọ Fọlárìn. Bẹ́ẹ̀ ni yàrá ìsùn wa ṣe rí.

Ẹ̀sùn kan ni a ní. Ìyá àwọn ọmọ náà, ẹni tí ó dúró tì wọ́n lójoojúmọ́, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ gbé kúlà wá sí ìbí mọ̀ pé ìwọ̀nba yẹn kéré. Ó sì dùn wá pé BBC Film àti BFI ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tí ó fi owó sí i, nígbà tí àwọn olówó wa ń ná tiwọn sórí aṣọ ẹbí. (Àwa náà rà á.)

A bẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ pé kí wọ́n gba àṣẹ, kí wọ́n fi fíìmù yìí hàn ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé nígbà ayẹyẹ tí ń bọ̀. Kí wọ́n má ṣe kó àwọn bàbá lọ sórí àga iwájú. Kí olúkúlùkù jókòó ti ọmọ tirẹ̀.