Mọ́tò Agolo Méje Lábẹ́ Ibùsùn

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lójú ìwé yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí àwọn kan, ṣùgbọ́n ó ti fa ìjà nínú ilé tí ó ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀rọ̀ mọ́tò tí àwọn ọmọ wa ń fi agolo ṣe ni. Pé wọ́n ń ṣe é kì í ṣe ẹjọ́. Pé wọn kì í ṣe é parí ni ẹjọ́.

Ìyá kan ní Òwu, níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, ni ó pe àkíyèsí wa sí i. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, ní mọ́tò méje lábẹ́ ibùsùn. Ọ̀kan ní ara ṣùgbọ́n kò ní táyà. Òmíràn ní táyà méjì péré, ó dorí kodò bí ewúrẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Mọlúè kan wà níbẹ̀ tí a fi agolo mílíìkì ńlá ṣe, ó ti kùn ún ní yẹ́lò dé ìdajì. Peugeot kan wà tí a fi agolo sàdíìnì ṣe, àwọn yòókù sì wà ní ìdí nìkan, láìsí òrùlé. Bàbá ọmọ náà ti sọ pé bí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ààtàn ni òun yóò kó gbogbo wọn dà sí. Ìyá ní kí a bá òun gba ọmọ náà níyànjú kí ó jáwọ́. A bá ọmọ sọ̀rọ̀, a sì bá bàbá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èrò tiwa kò bá ti ìyá náà mu.

Òwe tí bàbá fi ń ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ni èyí tí gbogbo wa mọ̀, pé ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Òwe náà dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n eku ń sá ni. Mọ́tò agolo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ọ̀dà kì í sá lọ síbì kankan; ńṣe ni ó jókòó tí ó ń gbẹ. Ọ̀dà olóròóró tí ó wà lára agolo, ó di ọjọ́ kejì kí a tó lè fọwọ́ kàn án dáadáa, nígbà òjò ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni ọmọ yóò máa ṣe títí ilẹ̀ yóò fi mọ́? Yóò mú agolo mìíràn, yóò bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Èyí kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ rárá. Ọ̀lẹ ni ì bá jókòó máa wo ọ̀dà.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ìtòkú, tí ó jẹ́ ti wa. Èwo nínú àwọn ìyá aládìrẹ ni ó ń ṣe aṣọ kan parí kí ó tó fọwọ́ kan èkejì? Láyé àwọn ìyá wa àgbà, tí ó jẹ́ ẹ̀lú ni wọ́n fi ń ṣe aró, ìrìbọ̀ ẹ̀ẹ̀kan kò tó fún aṣọ. A ó rì í sínú ìkòkò aró, a ó fà á jáde kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, nítorí pé afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ohun tí ó jáde bí àwọ̀ ewé di aró gidi. A ó tún rì í padà, a ó tún fà á jáde, títí yóò fi dúdú tó bí a ti fẹ́. Bí èyí ti ń gba afẹ́fẹ́, òmíràn wà lọ́wọ́ tí a ń fi ìko dì, òmíràn wà nílẹ̀ tí a ń fi ìyẹ́ adìẹ kùn ní ẹ̀kọ láfún, òmíràn ti wà lórí okùn. Lónìí tí ọ̀pọ̀ ń lo aró òyìnbó àti sódà, bẹ́ẹ̀ náà ni: iṣẹ́ márùn-ún, iṣẹ́ mẹ́fà, gbogbo wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. A kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìyá aládìrẹ ní ẹni tí kò lè parí nǹkan.

Níbo wá ni ọmọ wa ti ṣìnà? Ó yá wa lára láti mọ̀, nítorí náà a jókòó tì í lórí ẹní, a ní kí ó kó gbogbo rẹ̀ jáde. A kà wọ́n. Mọlúè ń fẹ́ táyà mẹ́fà, àwọn mẹ́fà yòókù ń fẹ́ mẹ́rin mẹ́rin. Ìyẹn jẹ́ 30. Táyà tí ó wà nínú gbogbo ilé jẹ́ 10 péré! Bí ó bá fẹ́ mọ bí tuntun yóò ti rí, yóò yọ táyà ti àná. Bí ó bá nílò sípóòkù kẹ̀kẹ́ tí ó fi ṣe ọ̀pá táyà, yóò fà á yọ lára ti ìjẹta. Mọ́tò kẹta ń jẹ èkejì, ìkẹrin ń jẹ ìkẹta. Ìyá aládìrẹ kì í gé etí aṣọ oníbàárà kan fi lẹ ti èkejì. Níbí ni ọ̀rọ̀ wà, kò sí nínú iye.

Ohun kejì tí ó ń dá a dúró ni ìwọ̀n. Ẹ̀yin òbí tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ fara balẹ̀ síhìn-ín. Peugeot 504 ni ọmọ náà fi agolo sàdíìnì ṣe, ó sì fi ìdérí ìgò mínírà ṣe táyà rẹ̀. Nígbà tí ó tò ó tán, mọ́tò náà dà bí ọmọdé tí ó wọ bàtà bàbá rẹ̀. Ó bínú, ó jù ú sábẹ́ ibùsùn, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ṣé ẹgba ni èyí ń fẹ́? Rúlà ni! Peugeot 504 gidi gùn tó mítà 4.49, táyà rẹ̀ sì ga tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60. Ìdérí ìgò mínírà fẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 3. Bí a bá pín 60 sí ọ̀nà 3, 20 ni a ó rí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ìdérí bá jẹ́ táyà, a gbọ́dọ̀ pín gbogbo ara mọ́tò náà sí ọ̀nà 20, kí a sì mú ẹyọ kan: gígùn rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 22 àti ààbọ̀. Agolo sàdíìnì kò sì ju nǹkan bí 10 àti ààbọ̀ lọ. Ìdá kan nínú 43 ni ti sàdíìnì, ìwọ̀n kan náà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní Yúróòpù fi ń ṣe mọ́tò kékeré tí àwọn àgbàlagbà ń kó jọ. Táyà tí yóò bá a mu kò gbọdọ̀ fi bẹ́ẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 1 àti ààbọ̀ lọ. Bọ́tìnnì kóòtù ni yóò ṣe é. Nígbà tí a wọn èyí lójú ọmọ náà, ó dìde, ó lọ tú àpótí ìránṣọ ìyá rẹ̀ wò. (Ìyá náà kò dúpẹ́ lọ́wọ́ wa.)

Ẹ má sì rò pé ọmọ tí ń gé agolo nìkan ni irú èyí ń bá jà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Airfix ti ń ta mọ́tò oníke tí a ń tò fúnra ẹni láti 1949, katakata Ferguson sì ni àkọ́kọ́ rẹ̀. Ní Japan, Tamiya bẹ̀rẹ̀ ti oníke tirẹ̀ ní 1960. Nínú páálí wọn, gbogbo ẹ̀yà ti pé, ìwọ̀n rẹ̀ ti bára mu, ìwé tí ó júwe rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn àgbàlagbà wà lọ́hùn-ún, onílé, oníṣẹ́ ìjọba, tí páálí tí wọ́n tú tí wọn kò parí kún àjà wọn.

Peugeot tí à ń sọ yìí pàápàá, títò ni a ti tò ó nílẹ̀ yìí rí. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ PAN ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ ń ti ilẹ̀ Faransé bọ̀ nínú àpótí, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń tò wọ́n pọ̀. Ọdún kan náà ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Nínú irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tí kò tíì parí máa ń tẹ̀ lé ara wọn bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé hàn kedere. Ẹni tí ó ń de ilẹ̀kùn mọ̀ pé ilẹ̀kùn ni ó kàn.

Ohun tí a ṣe nìyí. A ní kí ọmọ náà mú mẹ́ta nínú méje, èyí tí ó bá fẹ́ràn jù. Ó pẹ́ kí ó tó mú wọn, ojú rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀ nígbà tí ó fi ọwọ́ ti mẹ́rin sẹ́yìn. A wá páálí bàtà mẹ́ta. Mọ́tò kan, páálí kan, ohun tí ó bá ti wọ páálí kan kò gbọdọ̀ rìn lọ sí òmíràn. Nínú páálí kọ̀ọ̀kan, bébà kékeré kan wà tí ó kọ ohun tí ó kàn láti ṣe sí, ohun kan ṣoṣo: “gé táyà mẹ́rin lára sílípáàsì,” tàbí “kun òrùlé.” Ọmọ tí ó bá ti iṣẹ́ ilé ìwé dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta kò ní máa wo agolo bí ẹni tí ó ṣìlú. Bí ọ̀dà bá ń gbẹ nínú páálí kìíní, ó lè ṣí èkejì. Kò gbọdọ̀ sí ìkẹrin àfi bí ọ̀kan bá parí. Ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, okùn yóò so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọn yóò gun orí àpótí aṣọ, kì í ṣe ààtàn.

Bàbá ni ó ṣòro jù. Ó ní a ń gbè sẹ́yìn ọmọ. A ní kí ó jẹ́ kí a rìn láti Kútọ̀ lọ sí Ọbáńtókò kí a jọ ka ilé tí ó ti dé fèrèsé tí kò ní òrùlé. Ta ni ó ń kó búlọ́ọ̀kù wọn dànù? Olówó rẹ̀ ń wá sìmẹ́ǹtì ni. Ó rẹ́rìn-ín, nítorí pé òun náà ní ìpìlẹ̀ kan lọ́hùn-ún tí koríko ti bò. Ohun tí ó dùn wá ju gbogbo rẹ̀ lọ ni èyí: ó ti tó ọdún kan tí ọmọ náà kò ti fi mọ́tò kankan han bàbá rẹ̀. Bí ó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ń tì í sábẹ́ ibùsùn. Bàbá yìí sì mọ òòlù lò dáadáa. Ó lè kọ́ ọmọ bí a ti ń dá ihò sí agolo láìjẹ́ kí ó fàya.

Jelani Aliyu, ọmọ Sókótó, tí ó lọ́wọ́ nínú yíya àwòrán ara ọkọ̀ Chevrolet Volt fún General Motors, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi àpẹẹrẹ rẹ̀ han aráyé ní Detroit ní 2007, ti sọ fún àwọn oníròyìn pé láti kékeré ni òun ti ń ya mọ́tò. A kò sọ pé gbogbo ọmọ tí ó gé agolo ní Òwu ni yóò dé Detroit. Ọ̀pọ̀ wọn yóò di akọ̀wé, tàbí ayàwòrán ilé, tàbí rẹwáyà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ti mọ bí a ti ń pín mítà mẹ́rin sí ọ̀nà 20 kò ní gbàgbé.

Ní ti mẹ́rin tí a yọ sẹ́yìn, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n padà sábẹ́ ibùsùn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yọ sípóòkù, táyà àti ìṣó lára wọn sínú agolo kan, èyí tí ó jẹ́ ti gbogbo mọ́tò. Kí ó fún àwọn àbúrò rẹ̀ ní èyí tí wọ́n lè fi ṣeré. Ṣùgbọ́n kí ó tó fún wọn, kí bàbá fi pínsà ká etí agolo wọ inú yíká, nítorí etí sàdíìnì mú bí abẹ. Bí ó bá gé ẹnikẹ́ni, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ó mọ́ fọ ojú ọgbẹ́ náà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì béèrè ní ilé ìwòsàn bóyá abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì tí ọmọ náà ti gbà rí ṣì wúlò.