Gáàsì Kò Mọ Ààlà Ìsọ̀: Ẹ Yéé Fi Sẹ́lótéèpù Di Rọ́bà Bọ́nà

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àǹtí, ẹ̀yin àbúrò wa nínú ọjà, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ ti ṣe ìpinnu lórí bọ́nà ńlá ní ìpàdé oṣù tó kọjá ni ìkùnsínú ti pọ̀ nínú ọjà. Wọ́n ní a fẹ́ lé olóńjẹ lọ. Wọ́n ní a ti gba rìbá lọ́wọ́ ẹni tó ń ta rọ́bà gáàsì. Àwọn kan tilẹ̀ ní akọ̀wé tó ka ìwé mẹ́fà péré kò lè wá kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń dáná. Òótọ́ ni, ìwé mẹ́fà la kà. Ṣùgbọ́n ìwé mẹ́fà tó láti mọ̀ pé rọ́bà tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù dì kì í ṣe rọ́bà mọ́.

Ẹ jẹ́ ká rántí àárọ̀ ọjọ́ tí ìsọ̀ alákàrà jó. Gbogbo wa la sá jáde. Gbogbo wa la rí i bí wọ́n ṣe gbé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ọsibítù, tí awọ apá rẹ̀ ń bó bí èèpo iṣu tí wọ́n sè. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti gba ọjà kan: iṣẹ́ ayé ni, ẹnì kan ń bá a jà nítorí pé ó ń tà jù. Àdúrà dára, a sì ṣe é. Pásítọ̀ ṣe tiwọn, àlùfáà ṣe tiwọn. Àmọ́ àwa tí a padà síbẹ̀ nígbà tí eérú tutù, ohun tí a bá nílẹ̀ kì í ṣe ẹbọ.

Sílíńdà alákàrà kò ní àléébù kankan. Rọ́bà rẹ̀ dáa, kílípù rẹ̀ le. Ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń dín ẹja, ni eku ti jẹ, tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù wé lẹ́ẹ̀mẹta. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó yí bọ́nà pa, kò ti orí sílíńdà, ó tilẹ̀kùn, ó relé. Gáàsì jò mọ́jú. Ó gba abẹ́ pákó kọjá sínú gọ́tà, ó sì lọ dùbúlẹ̀ sí ìsọ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Aago márùn-ún ìdájí, ọmọ alákàrà ṣáná.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má tún sọ fún wa pé "ìsọ̀ mi ni, owó mi ni, kí ló kan ẹgbẹ́?" Ẹni tó fi sẹ́lótéèpù di rọ́bà kọ́ ló jóná. Ọmọ ọlọ́mọ ló jóná.

Gáàsì tí à ń fi ń dáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í gòkè bí èéfín igi. Ilẹ̀ ló ń wá, ó ń rá bí ejò, ibi tó bá kòtò ló ń gbá jọ sí: gọ́tà, abẹ́ tábìlì, abẹ́ pákó. Omi ló jẹ́ nínú sílíńdà. Ẹ mi sílíńdà, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń ṣàn. Tó bá ti jáde, á fẹ̀: ife kan rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di igba ó lé àádọ́ta ife. Bẹ́ẹ̀ kò ní láti kún ìsọ̀ kí ó tó ṣe ibi. Tó bá ti tó nǹkan bí ìpín méjì nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ìṣáná kan ṣoṣo ti tó. Gáàsì fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Àwọn tó ń ṣe é ló fi òórùn burúkú yẹn sí i kí imú lè kìlọ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará ọjà, imú ta ni yóò gbọ́ gáàsì láàrin irú, pánlá àti gọ́tà tí a kò kó láti ìgbà òjò? Imú wa ti kú. Ìdí rèé tí a fi ní kí ẹ máa fi omi ọṣẹ wò ó. Ẹ po ọṣẹ kó hó, ẹ fi kàn-ìn-kàn-ìn fi kan rọ́bà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pàápàá ojúbọ̀ rẹ̀ méjèèjì àti ẹnu sílíńdà. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń wú bí ìfọ́, ibẹ̀ ló ti ń jò. Ẹni tó ń fi ìṣáná wá ibi tí gáàsì ti ń jò, ikú ló ń wá.

Àwọn kan ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń lo gáàsì nílé, kò sí nǹkan tó ṣe àwọn. Bọ́nà ilé kọ́ là ń sọ. Bọ́nà ńlá, alápá mẹ́ta, tí à ń gbé ìkòkò ìrẹsì àpò kan lé, kì í ṣe ẹgbẹ́ sítóòfù ilé. Ó ń fa gáàsì gan-an, agbára tó fi ń jáde sì pọ̀. Ó ní régúlétọ̀ tirẹ̀. Àmọ́ a rí àwọn tó yọ régúlétọ̀ dànù, tí wọ́n so rọ́bà mọ́ orí sílíńdà tààrà kí iná lè rọ́ sókè. A rí àwọn tó gba ọmọkùnrin kan láàyè láti fi ìṣó fẹ ihò tí gáàsì ń gbà jáde nínú bọ́nà. Wọ́n wọn ihò yẹn kí wọ́n tó lu ú. Tí ẹ bá fẹ̀ ẹ́, gáàsì tó ń jáde á ju afẹ́fẹ́ tó ń bá a pò lọ. Iná á pọ́n, á máa fì, ìdí ìkòkò á dúdú, gáàsì á sì máa tán kíákíá. Owó yín lẹ̀ ń sun. Iná tó dáa, búlúù ni. Tó bá ti pọ́n, bọ́nà ti dọ̀tí tàbí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti dí pẹ̀lú òróró àti eérú. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa. Ẹ fi ìṣó sílẹ̀ fún káfíńtà.

Èyí tó bà wá lẹ́rù jù lọ ni ti sílíńdà tó ń tutù. Ẹ̀yin alásè mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé bọ́nà ńlá lé sílíńdà 12.5 kílò, iná rọ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ara sílíńdà ń làágùn, nígbà míì ó tilẹ̀ yọ yìnyín funfun. Kì í ṣe pé gáàsì ti tán. Omi inú rẹ̀ ló ń di gáàsì, ara irin ló sì ti ń fa ooru tó fi ń ṣe é. Bọ́nà ń bèèrè ju ohun tí sílíńdà kékeré lè fún un lọ. Kí wá ni àwọn èèyàn wa ń ṣe? Wọ́n á dùbúlẹ̀ sílíńdà, wọ́n á dojú ẹ̀ délẹ̀, wọ́n á da omi gbígbóná lé e, àwọn míì á sún un mọ́ iná! Sílíńdà tí ẹ bá dùbúlẹ̀, omi gáàsì fúnra rẹ̀ ló máa wọ rọ́bà, ẹ sì ti gbọ́ bí ife kan ṣe ń fẹ̀. Iná tó máa jáde lẹ́nu bọ́nà nígbà náà, kò sí ẹni tó lè dúró tì í. Oníbọ́nà ńlá, sílíńdà ńlá ni kó lò, 25 kílò tàbí 50. Bí owó kò bá ká a, kó dín iná kù. Sílíńdà gbọ́dọ̀ dúró lórí ìdí rẹ̀ nígbà gbogbo.

Ẹ tún jọ̀wọ́, ẹ yéé tọrọ ẹ̀ènì gáàsì. A mọ̀ pé ẹ̀ènì ló ń mú ọjà dùn, a fi ń ta ìrẹsì, a fi ń ta ẹ̀wà. Àmọ́ wọn kì í rọ sílíńdà kún. Wọ́n máa ń fi àyè sílẹ̀, bí ìdá kan nínú márùn-ún, nítorí pé tí òòrùn bá mú un, omi inú rẹ̀ á fẹ̀. Ẹni tó fi ẹ̀ènì dí àyè yẹn kò fún yín ní nǹkan ọ̀fẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Wọ́n ní rọ́bà gidi wọ́n, wọ́n ní rọ́bà omi náà lè ṣe é. Gáàsì máa ń jẹ rọ́bà tí kì í ṣe tirẹ̀, á le, á sán, á là. Rọ́bà gáàsì, wọ́n kọ nǹkan sí i lára. Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó ọ̀hún bí oníṣòwò. Owó tí a dá jọ fún ìtọ́jú ọmọ alákàrà, àwa la kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tó ra rọ́bà àti kílípù fún gbogbo ìsọ̀ olóńjẹ tó wà ní ìlà yẹn, ìyókù á sì ṣẹ́kù. A dá a láìkùn, nítorí pé ọmọ ti jóná. Èéṣe tí a fi ń kùn sí èyí tí kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn jóná? Ní ti rìbá: ẹgbẹ́ ló fẹ́ ra rọ́bà lọ́pọ̀ kí owó rẹ̀ lè dín, ẹ ó sì máa san án díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń dá àjọ. Ìwé rírà rẹ̀ wà lọ́wọ́ akápò. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó lọ rí i.

A kò ní fi ti ìjọba sílẹ̀. Wọ́n ń gba owó ọjà lọ́wọ́ wa, omi tí panápaná máa lò kò sí. Nígbà tí gáàsì bú ní Baruwa, ní Ìpájà, lóṣù Kẹwàá ọdún 2020, tí ẹ̀mí sì lọ, àwọn aláṣẹ wá, oníròyìn wá. Ti ọmọ alákàrà, ta ló wá? Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́ fún ara wa: bí mọ́tò panápaná bá tilẹ̀ wá, ibo ló máa gbà wọlé? Àwa la gbé ìsọ̀ sójú ọ̀nà. Bẹ̀rẹ̀ látorí ìgbìmọ̀, a ti ní kí Ìyá akápò fà wọlé, wọ́n sì ti fà wọlé.

Ìpinnu ẹgbẹ́ dúró báyìí. Kò sí sílíńdà lábẹ́ tábìlì mọ́, ẹ̀yìn ìsọ̀ ni kó wà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Kò sí rọ́bà tó bá ti lé ní ọdún méjì. Ìṣáná ṣáájú, kí ẹ tó rọra ṣí gáàsì. Lálẹ́, orí sílíńdà ni kí ẹ kọ́kọ́ tì. Tí ẹ bá gbọ́ òórùn, ẹ má tan iná NẸ́PÀ, ẹ má pa á, ẹ má ṣí jẹnẹrétọ̀. Ẹ ti sílíńdà, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ jáde, ẹ pe 112. Òróró tó bá gbiná nínú agbada, ẹ má da omi sí i, ọmọrí ni kí ẹ fi dé e. Ẹni tí iná bá sì jó, omi tútù tó ń ṣàn fún bí ogún ìṣẹ́jú ni. Àdí àti ẹyin tútù tí ẹ fi ra apá ọmọ yẹn, nọ́ọ̀sì bú wa fún un, ó sì tọ́ sí wa.

A kò gba ẹnikẹ́ni láàyè mọ́ láti máa rọ gáàsì láti sílíńdà ńlá sí kékeré nínú ọjà yìí, ìbá à jẹ́ ọmọ ta ni.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́fà àárọ̀, kí ọjà tó gbóná, a ó gba ìlà olóńjẹ wá pẹ̀lú ike omi ọṣẹ. Ìsọ̀ ìyàwó ọmọ akọ̀wé, tó ń ta àmàlà, la ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìsọ̀ tí rọ́bà rẹ̀ bá ń jò kò ní dáná lọ́jọ́ náà títí yóò fi pààrọ̀ rẹ̀. Kí olúkúlùkù bá wa níbẹ̀.