Àwọn Aṣàwárí Ìlú àti Àwọn Tí Wọ́n Ń Wò Ṣe Àwòkọ́ṣe

Àwọn ènìyàn kan wà ní àwọn ìlú ńláńlá Yúróòpù, Amẹ́ríkà, Kánádà àti Ọsirélíà tí ó jẹ́ pé ibi tí ará ìlú ń yàgò fún ni àwọn ń forí lé: gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ tí ènìyàn lè rìn nínú rẹ̀ ní ìdúró, ilé-ìwòsàn tí a ti pa tì, ibùdókọ̀ ojú irin tí ọkọ̀ kì í dúró sí mọ́, àti òrùlé ilé gogoro tí a kò tíì kọ́ parí. Olè kọ́ ni wọ́n, nítorí pé wọn kì í mú ohun kan jáde. Wọn kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ tí ìjọba rán níṣẹ́. Aṣàwárí ìlú ni a ó máa pè wọ́n níhìn-ín. Bí ọ̀dọ́mọdé ọdẹ kì í ti í dédé wọ igbó ẹlẹ́rù láìjẹ́ pé ó ti rí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ tí ó sì bọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni aṣàwárí kọ̀ọ̀kan ṣe ní ẹni tí ó ń wò kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn kò ju ẹyọ kan lọ: pé àwọn tí ó fi orúkọ pamọ́ tí wọ́n sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni ó tọ́ sí wíwò, àti pé púpọ̀ nínú àwọn tí ayé ń wò lónìí, tí wọ́n fi ojú hàn láìsí iṣẹ́ kan lẹ́yìn ojú náà, ń sin ọmọlẹ́yìn wọn lọ sí sàréè.

Kò sí bí a ó ti sọ ọ̀rọ̀ yìí tí a kò ní í bẹ̀rẹ̀ lórí Jeff Chapman, ọmọ Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, tí àwọn òǹkàwé rẹ̀ mọ̀ sí Ninjalicious. Àìsàn ni ó fi iṣẹ́ yìí lé e lọ́wọ́. Nígbà tí ó ń gba ìtọ́jú ní ilé-ìwòsàn St. Michael's, tí ara rẹ̀ kò le ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó fara mọ́ ibùsùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri àwọn ọ̀nà ẹ̀yìn àti àjà ilẹ̀ tí aláìsàn kì í dé. Ní ọdún 1996 ó dá ìwé àtìgbàdégbà kékeré kan sílẹ̀ tí ó pè ní Infiltration. Ìtẹ̀jáde 25 ni ó ní kí ó tó dáwọ́ dúró. Ẹ̀fẹ̀ ni ó fi ń kọ́ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá: kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọ́ àgádágodo, kí ó má ṣe kọ ìkọkúkọ sára ògiri, kí ó má ṣe mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, bí ọlọ́dẹ bá sì ká a mọ́, kí ó fi ọ̀yàyà kí i. Ìwé ńlá rẹ̀, Access All Areas, jáde ní 2005. Nínú oṣù kẹjọ ọdún náà gan-an ni àrùn jẹjẹrẹ mú un lọ, ní ọmọ ọdún 31. Ẹni tí ó bá ka ìwé rẹ̀ yóò rí i pé ọkùnrin tí ó kọ́ ayé bí a ti í wọ ibi tí a kò pe ni sí yìí mọ̀wà ju ọ̀pọ̀ àwọn tí a fi ìwé pè lọ.

Àwọn ẹgbẹ́ ti wà ṣáájú rẹ̀. Ní San Francisco, Gary Warne àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá Suicide Club sílẹ̀ ní 1977, orúkọ tí ó burú ju ìṣe wọn lọ, nítorí pé àrà ni wọ́n ń wá, wọn kò wá ikú. Ní Melbourne, àwọn ọ̀dọ́ kan dá Cave Clan sílẹ̀ nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 1986, gọ́tà abẹ́ ìlú ni pápá wọn, ìkìlọ̀ tí wọ́n sì fi lé ọmọlẹ́yìn lọ́wọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé bí òjò bá ti ṣú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọlé, nítorí omi tí ó bá rọ̀ sórí ìlú kì í dúró bèèrè ẹni tí ó wà nísàlẹ̀. Àgbà tí ó lè sọ ọjọ́ àìjáde fún ọmọ ti ṣe iṣẹ́ àgbà.

Ṣùgbọ́n Párís ni orísun. Ihò tí wọ́n ti wa òkúta ìkọ́lé lábẹ́ ìlú náà gùn tó nǹkan bí 300 kìlómítà, apá kan rẹ̀ sì ni wọ́n kó egungun àwọn òkú láti itẹ́ òkú àárín ìlú sí, bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 1786. Philibert Aspairt, aṣọ́nà ilé-ìwòsàn Val-de-Grâce, wọ inú ihò náà lọ ní 1793, kò sì jáde mọ́. Ọdún 11 lẹ́yìn náà ni a tó rí egungun rẹ̀, ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni a sì fi dá a mọ̀. Ibi tí a ti rí i ni a sin ín sí, àwọn aṣàwárí Párís sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ sàréè náà di ojúbọ. Ní nǹkan bí 1861 ni Nadar, ayàwòrán tí òkìkí rẹ̀ kàn, gbé iná mànàmáná wọ inú òkùnkùn yìí. Àwòrán kan lè gba ìṣẹ́jú 18, kò sì sí abẹ̀mí tí yóò dúró láìmira tó bẹ́ẹ̀, ni ó bá wọ aṣọ òṣìṣẹ́ fún ọmọlangidi, ó sì ya ìyẹn. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni ará ìlú tí kò lè dé ibẹ̀ láéláé fi rí ohun tí òun ń gbé lé lórí. Òfin tí ó ka wíwọ ihò náà léèwọ̀ dé ní 1955. Kò dá ẹsẹ̀ dúró.

Láàrin àwọn tí òfin náà kò dá ẹsẹ̀ wọn dúró ni ẹgbẹ́ UX ti jáde, tí ẹ̀ka rẹ̀ kan, Untergunther, ṣe ohun tí ó yẹ kí á kọ sílẹ̀ fún ìran tí ń bọ̀. Panthéon ni ilé tí ilẹ̀ Faransé ń tẹ́ àwọn akọni rẹ̀ sí. Voltaire ń bẹ níbẹ̀, Victor Hugo ń bẹ níbẹ̀. Aago ńlá kan wà nínú rẹ̀ tí ó ti dákẹ́ láti nǹkan bí 1965, tí ìpẹtà ń jẹ, tí àwọn tí ń gba owó oṣù lórí ilé náà kò sì wẹ̀yìn wò. Ní September 2005 àwọn Untergunther yọ́ wọlé, wọ́n tẹ́ ilé-iṣẹ́ kan sí ìkọ̀kọ̀ lókè ilé náà, wọ́n mú Jean-Baptiste Viot, ẹni tí àtúnṣe aago jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, dání, wọ́n sì fi owó ara wọn àti nǹkan bí ọdún kan ṣe iṣẹ́ náà títí aago fi lù. Àṣírí wọn ì bá máà tú, àfi pé aago ń fẹ́ ẹni tí yóò máa yí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn tọ alákòóso ilé náà lọ, tí wọ́n sì sọ fún un pé aago rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Kàkà kí àwọn aláṣẹ kí wọn kú iṣẹ́, ilé-ẹjọ́ ni wọ́n gbé wọn lọ. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn, nítorí ẹni tí ó fi aago sílẹ̀ ní ogójì ọdún ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jẹ́jọ́. Ní November 2007, ilé-ẹjọ́ dá wọn sílẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé ilé onílé ni ilé onílé, pé bí a bá gbóṣùbà fún ẹni tí ó wọlé tún aago ṣe, a ti ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí yóò wọlé jí i. Ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, kò sì yẹ kí á fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni adájọ́ máa ń bèèrè ohun tí ẹlẹ́ṣẹ̀ ní lọ́kàn kí ó tó dá a lẹ́bi. Kí ni ó wá dé tí àwa tí ń yan ẹni àwòkọ́ṣe kò fi ní í bèèrè ohun kan náà?

Ojú àti orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣíwájú iṣẹ́ nígbà tí àwòrán di ohun tí ń rìn káyé ní ìṣẹ́jú àáyá. Bradley Garrett, ọmọ Amẹ́ríkà, dúró láàrin ọ̀nà méjèèjì. Ó bá àwọn aṣàwárí London rìn nítorí ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀, wọ́n gun ilé Shard kí a tó kọ́ ọ parí, àwọn àwòrán náà gba ìlú kan ní 2012, ó sì kọ Explore Everything ní 2013. Òun fi ojú hàn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ wà lẹ́yìn ojú náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Ní 2014, Vitaly Raskalov àti Vadim Makhorov gun Shanghai Tower, ilé tí ó ga ní mítà 632, láìsí okùn, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn sì wo fọ́nrán wọn. Kí ni ẹni tí ó wò ó kọ́ nípa Shanghai? Ó kọ́ pé a lè gun òkè, kí á sì di olókìkí.

Wu Yongning, ọ̀dọ́mọkùnrin ilẹ̀ Ṣáínà, kọ́ ẹ̀kọ́ náà dé òpin. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, ní ìlú Changsha, ó so rọ̀ sí etí òrùlé ilé alájà 62, ẹ̀rọ ayàwòrán rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ, apá rẹ̀ kò ká a mọ́, ó sì já bọ́. Ọmọ ọdún 26 ni. Àwọn ìwé ìròyìn sọ pé ó nírètí owó ńlá lórí fọ́nrán náà. Ìyá rẹ̀ pe Huajiao, ìkànnì ayélujára kan tí ó gbé fọ́nrán rẹ̀ fún aráyé wò, lẹ́jọ́ ní Beijing, ní 2019 ni ilé-ẹjọ́ sì dájọ́ pé ilé-iṣẹ́ náà jẹ̀bi díẹ̀, pé olóògbé fúnra rẹ̀ ni ó jẹ̀bi jù, kí ilé-iṣẹ́ náà san 30,000 yuan fún ìyá náà. Ó dára pé adájọ́ rí ọwọ́ oníṣòwò nínú ọ̀ràn náà; ìwọ̀n tí ó fi wọ̀n ọ́ ni kò tọ́. Ó yẹ kí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ máa gba gbogbo èrè tí ìkànnì jẹ lórí irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé níwọ̀n ìgbà tí èrè bá ṣì ju owó ìtanràn lọ, yóò máa rí ọmọ mìíràn gbé gun òkè.